Ẹ fún wọn ní ẹ̀wà kí ẹ tó mú ṣọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú pátákó lèmi ti bẹ̀rẹ̀. Màá ya igi kan, màá kọ gbòǹgbò, ọ̀pá, ewé àti òdòdó sí i lára, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á sì gba máàkì. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé àwòrán mi ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ igi.

Lọ́jọ́ kan mo gbé ẹ̀gẹ́ àti iṣu sórí tábìlì, mo ní apá ibo lára igi nìyí? "Èso ni, Àǹtí!" N ò jà wọ́n níyàn. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń gbìn lóko. Ọmọ àgbẹ̀ kan ní igi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gé rì mọ́lẹ̀, pé ti iṣu, èbù ni. A bá ri ẹ̀gẹ́ kan àti èbù kan sẹ́yìn kíláàsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èbù ti hù, ẹ̀gẹ́ ti rà. Gbòǹgbò ni ẹ̀gẹ́, kò ní ojú tí ọ̀mùnú lè gbà yọ. Iṣu ní tirẹ̀, ọ̀pá tó wú sínú ilẹ̀ ni. Kò sí ọmọ tó gbàgbé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní hóró mẹ́ta, torí wọ́n á tẹ ti àkọ́kọ́ fọ́. Èékánná ni kí wọ́n fi bó o. Àwọn tó ń bá ìyá wọn bó ẹ̀wà àkàrà á yá ju ẹ̀yin gan-an lọ. Tó bá là sí méjì, ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ ohun tí wọ́n máa rí. Ẹnìkan á kígbe pé ewé kékeré méjì wà nínú rẹ̀, pé ohun kan ṣóńṣó wà nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá sọ fún wọn pé gbòǹgbò ni ṣóńṣó yẹn máa dà, pé oúnjẹ ọmọ ewéko náà ni ìlàjì méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní àgbàdo rírẹ kí wọ́n là á. Kò ní là sí méjì bíi ti ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí.

Mo ti kó wọn lọ fa koríko nígbà ọyẹ́ rí. Ilẹ̀ le, gbogbo gbòǹgbò já sínú ilẹ̀, ewé nìkan ni wọ́n kó wálé. Látìgbà náà, bí òjò ò bá rọ̀, mo máa ń bu omi síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ibẹ̀ ká fúnra yín: wèrèpè kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn, ewé kókò náà ń yúnni. Ẹ̀yin ni kí ẹ di ọ̀bẹ mú nígbà tí ẹ bá ń gé ilá níbùú, kí wọ́n lè rí yàrá tí kóró rẹ̀ ń gbé.

Nísinsìnyí, àlùbọ́sà ni mo fi ń dán wọn wò. Wọ́n á bó o ní ìpele-ìpele, omi á máa dà lójú wọn, wọ́n á rí gbòǹgbò wínníwínní nídìí rẹ̀ àti ohun tútù tó fẹ́ yọ láàrin. Ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé ìpele kan sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó títí, ó ní: "Àǹtí, ewé ni. Ó kàn wú ni."