Báírò Pupa Màámi

Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Frangipani, Célestine Hitiura Vaite ló kọ ọ́, ọmọ Tahiti ni, ọdún 2004 ló jáde. Materena ni ìyá tó wà nínú ẹ̀, ilé onílé ló máa ń bá wọn tún ṣe, Faa'a nítòsí Papeete ló ń gbé, Leilani sì lọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀. Òkun ló yí wọn ká, Faransé ló ń ṣàkóso wọn, àmọ́ tó o bá gbọ́ bí ìyá yẹn ṣe ń rojọ́ ọmọ ẹ̀ wàá ní ọjà Kútọ̀ ló ti ń bọ̀.

Èmi tí mo bá ti ń kàwé báyìí, pẹ́ńsùlù kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ibikíbi tí ìyá àtọmọ bá ti ń fa wàhálà, mo á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé "Màámi gan-an rèé!", ibòmíì "wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o", ó tiẹ̀ níbi tí mo kọ "wọ́n láwọn ò bínú, ìkòkò nìkan ni wọ́n ń là mọ́lẹ̀". Ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ ọ́ sí pé ní Tahiti wọ́n máa ń sin ibi ọmọ sílẹ̀, wọ́n á wá gbin igi sórí ẹ̀.

Mo yá àbúrò mi ní ìwé ọ̀hún, mo kìlọ̀ fún un dáadáa, kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ yìí gbé e lọ Abẹ́òkúta, ó fi í sílẹ̀ ní pálọ̀, ó wọlé lọ sùn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì sì ni Màámi o, bébà tí wọ́n fi wé àkàrà pàápàá, wọ́n á kà á kí wọ́n tó jẹ àkàrà.

Ó pè mí lálẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àǹtí mi, Màámi ń ka ìwé yín o."

"Ìwé wo?"

"Ti àwọn ará Tahiti."

"Ṣé wọ́n ń bínú ni?"

"Rárá, wọ́n ń wá báírò."

Òógùn bò mí. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀ ní Sátidé, iṣẹ́ ti parí, báírò pupa ti dáhùn gbogbo ohun tí pẹ́ńsùlù kọ. Níbi tí mo kọ "Màámi gan-an rèé", wọ́n kọ "Ìwọ náà ńkọ́?" Níbi ìkòkò, wọ́n kọ "Ta ni kò fọ̀ ọ́?" Wọ́n tún fi àmì sórí gbogbo Yorùbá mi tí kò lámì (mo ti dàgbà o, mo ti lọ́mọ!), wọ́n wá fún mi ní 4/10. Ẹ̀yìn ìwé ló pa mí lẹ́rìn-ín ju gbogbo ẹ̀ lọ, wọ́n kọ ọ́ gbọ̀ngbọ̀n síbẹ̀: "Ibi tìẹ wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi ọsàn. Abájọ tó fi kan."

Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni mi ò kọ nǹkan kan sí, wọ́n sì fàlà pupa sábẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni Materena ti ń ronú pé tóun ò bá lọ gba owó iṣẹ́ Pito ọkọ òun fúnra òun, ilé ọtí lowó ọ̀hún máa gbà lọ. Màámi kọ "ỌGBỌ́N!!!" sí i.

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Bàámi fọwọ́ pè mí wá sí kọ̀rọ̀.

"Irú ìwé wo lo gbé wọ ilé mi? Ìyá yín láwọn ni wọ́n á máa bá mi gba pẹ́ńṣọ̀n báyìí o."

"Ẹ má bínú, sà."

"Má sọ ìyẹn. Lọ bá mi gba káàdì báǹkì mi lọ́wọ́ wọn."

Mo débẹ̀, Màámi wọ awò ojú, Frangipani ṣí sílẹ̀ lórí itan wọn. Káàdì Bàámi ni wọ́n fi ń sàmì síbi tí wọ́n kà dé. Wọ́n láwọn ń kà á lẹ́ẹ̀kejì ni, kí n má fọwọ́ kàn án.