Ọdún Méjì Tí Mo Fi Tọ Ipasẹ̀ Bàbá Ẹlòmíràn

Orúkọ kan náà ni bàbá ńlá wa àti ẹlòmíràn kan ń jẹ́, ọjọ́ orí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó jẹ́ kí n fi ọdún méjì gbáko kọ ìtàn ọkùnrin kan tí kò bá wa tan rárá mọ́ ìtàn ìdílé wa nìyẹn. Mo pè é ní bàbá bàbá ìyá àgbà mi. Mo wá àwọn òbí rẹ̀ kàn, mo to àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn mọ̀lẹ́bí wa nílé lóko. Inú wọn dùn, wọ́n sì dà á kọ. Àbúrò mi kan, ọmọ àǹtí mi, tilẹ̀ fi orúkọ ìyá ọkùnrin náà sọ ọmọbìnrin tó bí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kan ojú ewé kan nínú ìwé ìsìnkú tó fi hàn pé ọmọ tí mo sọ di bàbá ńlá wa kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 4.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹbí, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ tún bẹ̀ níbí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ohun tí a mọ̀ nípa àwọn tó ṣáájú wa kò tíì pé bí a kò bá kọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ì bá ti rí ibi tí mo ti ṣìnà.

Ara fọ́tò kan ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú àpótí páànù kékeré tí ìyá àgbà ń kó ìwé rẹ̀ sí ni mo ti rí i, kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọkùnrin kan jókòó nínú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ọmọbìnrin kékeré kan sì dúró tì í, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ọkùnrin náà àti ọdún tí wọ́n bí i sí ẹ̀yìn fọ́tò náà, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún náà ti ń pa rẹ́. Ó lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ 7. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo yí i sọ́tùn-ún sósì, mo sì pinnu pé 7 ni. Ìdí tí mo fi pinnu bẹ́ẹ̀ ni pé mo ti rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà nínú ìwé ìrìbọmi kan, ọdún tí wọ́n sì bí i parí sí 7. Ìwé ìrìbọmi ni mo fi ka ẹ̀yìn fọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn fọ́tò ló yẹ kí n kọ́kọ́ kà dáadáa kí n tó ṣí ìwé ìrìbọmi rárá.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ ohun kan tí n kò mọ̀ nígbà náà. Bí o bá rí ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ò ń wá, ohun àkọ́kọ́ tí o gbọ́dọ̀ wádìí ni bóyá ọmọ náà dàgbà. Láyé ìgbà tí ikú ọmọdé wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ orúkọ ló wà nínú ìwé ìrìbọmi tó jẹ́ pé inú ìwé ìsìnkú ni a óò tún ti pàdé wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn òbí mìíràn sì máa ń fi orúkọ ọmọ tó kú sọ àbúrò rẹ̀. Ìwé méjèèjì wà lórí pẹpẹ kan náà níbi tí mo ti ń ṣe ìwádìí. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni ì bá gbà mí láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ènìyàn ló kọ ọ́, ó sì ní ohun tó ń wá nígbà tó ń kọ ọ́. Ní England ní ọdún 1538, Thomas Cromwell, tó ń ṣojú Ọba Henry Kẹjọ lórí ọ̀rọ̀ ìjọ, pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1563, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní ìlú Trent ní Italy pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àlùfáà tiwọn lórí ìrìbọmi àti ìgbéyàwó. Kò sí èyí tó ro ti ọmọ-ọmọ-ọmọ tí yóò máa wá ìdílé rẹ̀ kiri nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn England ní 1841, wọ́n ní kí àwọn akànìyàn dín ọjọ́ orí ẹni tó bá ti ju ọdún 15 lọ kù sí iye tó ṣeé fi 5 pín, tó fi jẹ́ pé ẹni ọdún 59 lè di ẹni ọdún 55 lórí ìwé, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà tilẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Kí ó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lójú òfin ní England. Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé tọkọtaya kan ṣègbéyàwó ní oṣù karùn-ún 1710, tó sì sọ pé wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àkọ́bí wọn ní oṣù kejì 1710, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọmọ ti wà kí ìgbéyàwó tó wà, bẹ́ẹ̀ oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni lójú tiwa, oṣù mẹ́sàn-án gééré ló sì wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Mo máa ń ronú nípa obìnrin tí wọ́n lè fi irú kíkà bẹ́ẹ̀ bà lórúkọ jẹ́ ní igba ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn ìwé kan sì wà tí a kò ní rí mọ́ láéláé. Iná jó àkọsílẹ̀ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 1890 ní oṣù kìíní 1921, díẹ̀ kíún ló sì kù nínú rẹ̀. Ní Dublin ní 1922, nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Ireland, ilé tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìlú pamọ́ sí bú gbàù, ó sì jóná pẹ̀lú ìwé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Èyí tó máa ń dùn mí jù lọ ni ti àwọn tí ìwé wọn kò jóná, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ rárá. Nígbà tí Amẹ́ríkà ka àwọn ẹrú ní 1850 àti 1860, orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ. Àwọn fúnra wọn, ọjọ́ orí wọn, bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo, àti àwọ̀ ara wọn ni wọ́n kọ, bí ẹni ń ka ẹrù. Ó di ìkànìyàn ọdún 1870 kí orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó wọ inú ìwé náà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó ń wá wọn lónìí máa ń dé ọdún náà bí ẹni dé ẹsẹ̀ ògiri. Síbẹ̀ wọn kì í padà. Wọ́n ń ka ìwé ìpíngún àwọn olówó ẹrú, níbi tí orúkọ máa ń jáde nígbà mìíràn nítorí pé wọ́n fẹ́ pín ènìyàn fún àwọn ajogún. Wọ́n ń ka ìwé àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1865 láti bójú tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, níbi tí ìgbéyàwó, àdéhùn iṣẹ́ àti orúkọ ọmọ gbé wà ní àkọsílẹ̀. Wọ́n á fi ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí, wọ́n á wo ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, títí orúkọ kan yóò fi bá òǹkà kan mu. N kò mọ irú ìfẹ́ mìíràn tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mo ní orúkọ, tí mo ní fọ́tò, tí mo sì ní àgbà tó wà láàyè, n kò ní àwíjàre kankan. Àbúrò ìyá àgbà mi wà láàyè nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, mo sì lọ bá a, mo gbé fóònù sáàárín wa láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tí kò dára: ọdún wo ni wọ́n bí bàbá àgbà, ọdún wo ni wọ́n kú? Ó ní òun kò mọ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro bí ẹni tó ti já mi kulẹ̀. Nígbà tí mo mú fọ́tò náà jáde ni ohùn rẹ̀ yí padà.

Mo ní, “Màmá, ta ni ọmọbìnrin tó di aṣọ wọn mú yìí?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ẹ̀rù ẹni tó ń ya fọ́tò ló ń bà á, kò jẹ́ fi aṣọ bàbá àgbà sílẹ̀. Wọ́n fi sọ̀rọ̀ fún un títí ó fi dàgbà.”

Láti orí aṣọ yẹn ló ti sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Kí n má ṣe parọ́, n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé mo ti ní ìwé lọ́wọ́. Nígbà tó dárúkọ ìyá bàbá àgbà, orúkọ tó dá kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìrìbọmi tí mo rí. Mo rọra mi orí, mo sì rò nínú ara mi pé ọjọ́ ogbó ló dé. Màmá ti kú kí n tó padà lọ tẹ́tí sí ohùn náà. Ní ìṣẹ́jú 31 ni orúkọ ọ̀hún wà, ó sọ ọ́ kedere, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó rí i pé n kò kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò sọ pé àgbà kì í ṣì í sọ, nítorí mo ti gbọ́ ìtàn méjì tó tako ara wọn láti ẹnu ẹnì kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ẹ̀rí, ó sì yẹ kí n bi í léèrè bí mo ṣe ń bi ìwé léèrè: ta ló sọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n, ṣé ojú rẹ̀ ló ṣe é ni àbí wọ́n sọ ọ́ fún un? Àyẹ̀wò DNA pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tí òbí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà pẹ̀lú òbí ẹnì kejì sábà máa ń ní nǹkan bí ìdá 12.5 nínú 100 DNA wọn pa pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ pé ìran kẹrin lókè ni wọ́n ti pàdé kì í sábà ní tó ìdá 1 nínú 100, tí a bá sì mú irú wọn méjì-méjì ní ọ̀nà 10, nǹkan bí ọ̀nà kan yóò wà tí àyẹ̀wò kò ní rí ohunkóhun láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ẹbí ni wọ́n. Ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun ti ṣe tán láti gbọ́ pé ẹni tí òun ń pè ní bàbá kọ́ ló bí òun, nítorí ó ti dé bá àwọn kan, kì í sì í ṣe ẹni tó ṣe àyẹ̀wò nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń kàn.

Èyí ló jẹ́ kí n yí ọ̀nà tí mo ń gbà pín ìtàn ìdílé wa padà. N kì í fi ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè síta mọ́, tàbí orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ti wá, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìfowópamọ́ fi ń dá oníbàárà mọ̀. Àwọn ìjọba tó ń ka ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀: Amẹ́ríkà ń pa orúkọ mọ́ fún ọdún 72, tó fi jẹ́ pé 2022 ni wọ́n tó ṣí ti ọdún 1950, England sì dúró fún 100 ọdún kí ó tó ṣí ti 1921. Bí ọ̀rọ̀ kan bá lè dun ẹnì kan tó ṣì ń mí, mo máa ń kà á fún onítọ̀hún kí ẹlòmíràn tó rí i, bó bá sì ní kí n dúró, mo máa ń dúró.

Ẹyin lọ̀rọ̀, kò sì ṣeé kó nígbà tó bá ti fọ́. Nítorí náà n kò pa àṣìṣe mi rẹ́ nígbà tí mo rí i. Mo fi í sílẹ̀ níbi tó wà, mo fa ìlà sí i lórí, mo sì kọ ohun tí ìwé ìsìnkú sọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá pàdé ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè mọ ìdí tí kò fi yẹ kó gbà á gbọ́. Mo sì pe àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ti àbúrò mi tó ti sọ ọmọ lórúkọ ló le jù, ó sì dákẹ́ pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọ ti ń jẹ́ ẹ, ó ti di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá orúkọ ẹni tó bí wa gan-an.”

Bí ojú ewé bàbá ńlá wa ṣe rí lónìí nìyí. Ọdún tí wọ́n bí i: nọ́ḿbà ìgbẹ̀yìn jẹ́ 1 tàbí 7, láti ẹ̀yìn fọ́tò, pẹ́ńsùlù, a kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ ìyá rẹ̀: láti ẹnu ọmọ-ọmọ rẹ̀, ìṣẹ́jú 31. Orúkọ bàbá rẹ̀: òfìfo. Ìwé ìrìbọmi ọdún tó parí sí 1 ni mo fẹ́ kà báyìí, láti ojú ewé àkọ́kọ́, ìwé ìsìnkú yóò sì wà ní ṣíṣí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.