Hóró tí kò ní ọlẹ̀ náà gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an
Ẹ bá mi yọ̀ o! Ní láàbù lónìí, mo da áyódìn, tó máa ń sọ sítáàṣì di dúdú, sórí àwo sítáàṣì tí a to ààbọ̀ hóró ọkà báálì sí, a ti gé ọlẹ̀, apá tó máa ń di èhù, kúrò lára gbogbo wọn. Gbogbo àwo dúdú bí aró, àfi àyíká àwọn hóró tó mu gibberellin, họ́mọ́nù ewéko kan. Ibẹ̀ mọ́ kedere, sítáàṣì ti tán níbẹ̀!

Ọlẹ̀ ló máa ń fi họ́mọ́nù yìí ránṣẹ́ sí ìpele tín-ínrín abẹ́ èèpo. Ìpele yẹn á wá tú ẹ́ńsáìmù jáde: òmíràn á sọ sítáàṣì di ṣúgà, òmíràn á já RNA (èròjà tó ń gbé ìtọ́ni jíìnì) tó wà nínú hóró sí wẹ́wẹ́, kí èhù lè rí nǹkan fi dàgbà. Mo fẹ́ràn èyí gan-an ni.

Lọ́la, a máa po abscisic acid mọ́ gibberellin, họ́mọ́nù mìíràn tó ń dí i lọ́wọ́ ni.