Ohun Tí Wọ́n Ń Jẹ Nílé Wọn Ni Kí Ẹ Béèrè

Tí ẹ bá ń gbé Plumstead tàbí Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó kan ilé oúnjẹ àwọn ará Nẹ́pálì. Àwa Yorùbá pọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn títí dé Thamesmead, àwọn náà sì pọ̀. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, a ó wo àwòrán òkè yìnyín tó wà lára gíláàsì, a ó sì máa bá tiwa lọ. Àwọn tó bá wọlé nínú wa, kọ́rì adìyẹ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìmọ̀ràn tí mo ní, gbogbo ohun tí mo máa sọ, abẹ́ rẹ̀ ló wà: ohun tí àwọn fúnra wọn ń jẹ ni kí ẹ jẹ.

Mẹ́nù wọn sábà máa ń pín sí méjì, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Apá kan wà fún gbogbo ayé: tikka masala, korma, naan, ohun tí gbogbo ilé oúnjẹ Íńdíà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tà. Wọ́n ń sè é torí pé òun ni oníbàárà ń béèrè, òun ló sì ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Apá kejì máa ń kéré, ó lè jẹ́ ìlà díẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìwé: momo, dal bhat, sekuwa (ẹran tí wọ́n sun lórí iná), sukuti (ẹran gbígbẹ), choila (ẹran sísun tí wọ́n fi ata pò), thukpa (núdù inú omi ọbẹ̀). Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ọwọ́ alásè. Tí ẹ bá sì bá àwọn bàbá àgbà wọn níbẹ̀, tí wọ́n dé fìlà aláràbarà wọn, tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ẹ wo inú àwo wọn dáadáa, kí ẹ ní irú rẹ̀ ni kí wọ́n gbé wá fún yín.

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń se oúnjẹ fún yín. Láti ọdún 1815 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn ọmọ Nẹ́pálì síṣẹ́ sójà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Gurkha. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì, ilé ni wọ́n ń dá wọn padà sí. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ̀yìn tì láti 1997 wá. Ní 2009, lẹ́yìn ìjà ńlá tí òṣèré Joanna Lumley wà níwájú rẹ̀, ìjọba gbà kí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú 1997 náà wá máa gbé ibí, bí wọ́n bá ti sìn tó ọdún 4. Bí àwọn bàbá àti ìyá arúgbó ṣe dé sí Plumstead, Aldershot àti Reading nìyẹn. Àwọn bàbá wa tó lọ sógun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àti àwọn Gurkha, lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan náà, Fourteenth Army, ni wọ́n jà, mo sì máa ń rántí ìyẹn bí mo bá ń kí àwọn bàbá wọ̀nyí lójú títì.

Láàárín àwọn Magar, Gurung, Rai àti Limbu, àwọn ará orí òkè, ni wọ́n ti ń mú sójà jù. Oúnjẹ tiwọn yàtọ̀ sí ti ilé oúnjẹ Íńdíà tí a mọ̀. Ẹran gbígbẹ, ẹ̀fọ́ kíkan, ọkà jéró, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ohun tó lè dúró pẹ́ nínú òtútù, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa béèrè náà ṣe pàtàkì. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ kí wọn ní "Namaste". Bí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ bá jù yín lọ, didi ni kí ẹ pè é. Bí ọkùnrin ni, dai. Ẹ wá béèrè pé kí ni wọ́n sè fún ara wọn lónìí. Mo rí bí ojú ìyá kan ṣe yí padà nítorí ìbéèrè yẹn. Ó gba mẹ́nù lọ́wọ́ mi, ó pa á dé, ó ní kí n jókòó. Ohun tó gbé wá ni dhido, òkèlè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun jéró rò, ó dúdú, ó ń sèéfín, pẹ̀lú ọbẹ̀ gundruk. Ewé mọ́sítáàdì tàbí ewé rádíṣì ni gundruk: wọ́n á jẹ́ kó rọ, wọ́n á kì í mọ́nú ìkòkò títí tó fi kan, wọ́n á wá sá a sóòrùn. Omi ọbẹ̀ rẹ̀ ṣan, ó kan díẹ̀, ó sì ń ta sánsán. Wọn kì í jẹ dhido lẹ́nu, gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì. Mo bu òkèlè, mo rì í bọ ọbẹ̀, mo gbé e mì, ojú ìyá náà ò sì kúrò lára mi títí mo fi bu ẹ̀ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó bu kinema díẹ̀ wá. Irú ni, irú tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tó ń fà lọ́wọ́, tó ń rùn bó ṣe yẹ kí irú rùn. Àwọn Rai àti Limbu ní ìlà-oòrùn Nẹ́pálì ló ni ín. Wọ́n á se sóyà, wọ́n á gún un díẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó níbi tó gbóná fún ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta. Ohun abẹ̀mí tí kò ṣeé fojú rí tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, Bacillus subtilis, òun kan náà ló ń ṣe irú tiwa. Mo fẹ́ kí gbogbo Yorùbá tó wà ládùúgbò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. À ń ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì kí òórùn irú má baà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ aládùúgbò lè ní tirẹ̀ lórí iná. Kinema kì í sábà sí lórí mẹ́nù. Ẹ béèrè.

Bí ẹ̀rù òkèlè ilẹ̀ òkèèrè bá ń bà yín, ẹ fi momo bẹ̀rẹ̀. Fúláwà ni wọ́n pò, tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n di ẹran lílọ̀, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti aáyù sínú rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ po yíká, tí wọ́n sì gbé sórí ooru omi. Oúnjẹ Tíbẹ́tì ni. Àwọn oníṣòwò Newar, ẹ̀yà kan ní Nẹ́pálì, tó máa ń lọ sí Lhasa, olú ìlú Tíbẹ́tì, ni wọ́n ní ó gbé e dé Kathmandu, olú ìlú Nẹ́pálì, ibẹ̀ ló sì ti di oúnjẹ tèwe tàgbà. Ẹran ẹfọ̀n ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀. Níbí, adìyẹ, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹ̀fọ́ ni.

Ẹ má fi ọ̀bẹ gé momo. Omi ẹran wà nínú rẹ̀, òun ni adùn rẹ̀, bí ẹ bá sì gé e, orí àwo ló máa dà sí. Ẹ mú un, ẹ fi eyín dá ihò kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa omi náà mu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ó máa ń gbóná gan-an, kí ẹ wá rọra bu achar, ata tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, lé èyí tó kù. Achar yìí ni mo fi ń mọ ilé oúnjẹ tó dáńgájíá. Èyí tó dára, tòmátò tí wọ́n sun ni, pẹ̀lú yànmọ̀tí tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀, ata, ewé kọriáńdà, àti timur. Kóró wẹ́wẹ́ ni timur. Kì í ta bí ata, ètè ló máa ń jẹ́ kó gbọ̀n, tí ahọ́n á sì kú díẹ̀. Ẹni tó bá ti rún orín àta rí ti mọ̀ ọ́n: ìdílé igi kan náà ni àwọn méjèèjì, Zanthoxylum. Kò pẹ́ tó fi ń lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba yànmọ̀tí tàbí ẹ̀pà, kó béèrè ohun tó wà nínú achar kó tó tọ́ ọ wò.

Kí ẹ jẹ momo níbẹ̀ ju kí ẹ dì í lọ sílé. Bó bá ti tutù, awọ rẹ̀ á le, omi inú rẹ̀ á sì dì.

Dal bhat ni oúnjẹ wọn gan-an. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ń jẹ ẹ́ nílé. Ìrẹsì á wà láàárín àwo irin fẹ̀ǹfẹ̀, dal, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè títí tó fi yọ́, á wà nínú abọ́ kékeré, ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, achar á wà létí àwo, pẹ̀lú ẹran bí ẹ bá fẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́. Ẹ má da gbogbo dal sórí ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan ni kí ẹ rin, kí ẹ fi orí ìka pò ó mọ́ ẹ̀fọ́. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ á máa rìn kiri pẹ̀lú ìkòkò àti ṣíbí ńlá, bí ìrẹsì yín bá sì ti ń lọ sílẹ̀, á bu òmíràn sí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìrẹsì, dal àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń fi kún un láìgbowó, ẹran kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé oúnjẹ Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é o, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Bí ẹ bá yó, ẹ fọwọ́ bo àwo, ẹ ní "pugyo". Bí ẹ bá kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á bù ú.

Ohun kan wà tó yẹ kí a ṣọ́ra fún gan-an, torí àwa fẹ́ràn láti máa tọ́ oúnjẹ ara wa wò. Ohun tí ẹnu bá ti kàn, jutho ni lójú wọn, kò sì gbọdọ̀ kan oúnjẹ ẹlòmíràn mọ́. Ẹ má fi ṣíbí tí ẹ ti fi sẹ́nu bu ọbẹ̀ àjọjẹ, ẹ má sì mú ẹran nínú àwo yín fún ẹni tó jókòó tì yín. Bí ẹ bá fẹ́ jọ jẹ ẹ́, ẹ gba àwo òfìfo, kí ẹ pín in kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ó rí àwọn àgbà wọn tí ń da omi sẹ́nu láti òkè láìjẹ́ kí ètè kan ìgò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má béèrè ẹran màlúù nílé oúnjẹ Nẹ́pálì. Màlúù ni ẹranko orílẹ̀-èdè wọn, òfin ibẹ̀ ò sì gbà kí wọ́n pa á. Ewúrẹ́ ni kí ẹ fọkàn sí, pàápàá khasi, òbúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí wọ́n ń sè teegun-teegun, tawọ-tawọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè nípa halal kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì béèrè nípa ìkòkò momo pẹ̀lú, torí ọ̀kan náà lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti adìyẹ.

Ìdí tí oúnjẹ Tíbẹ́tì fi sábà wà lórí mẹ́nù kan náà ni pé lẹ́yìn rògbòdìyàn Lhasa ní 1959, ọ̀pọ̀ ará Tíbẹ́tì sá wọ Nẹ́pálì àti Íńdíà, wọ́n sì ń se oúnjẹ wọn tà níbẹ̀. Nígbà òtútù, thenthuk ni mo máa ń béèrè: fúláwà tí wọ́n fọwọ́ fà, tí wọ́n já wẹ́wẹ́ sínú omi ẹran tó ń hó. Bí tíì bọ́tà bá wà, ẹ má retí ṣúgà. Iyọ̀ àti bọ́tà ló wà nínú rẹ̀, bí omi ọbẹ̀ sì ni kí ẹ ṣe mu ún. Bí ẹ bá ti mu díẹ̀, wọ́n á fi kún un. Bí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ fi ife sílẹ̀ ní kíkún títí ẹ ó fi fẹ́ dìde. Ẹ̀yin tó wà ní New York, bí ẹ bá ń wá irú oúnjẹ yìí, Jackson Heights ní Queens ni kí ẹ gba lọ.

Ọdún Dashain, àjọ̀dún wọn tó tóbi jù, máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ẹ fóònù kí ẹ tó lọ lásìkò yẹn, torí àwọn mìíràn máa ń ti ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè bá ẹbí ṣọdún. Bí ẹ bá bá wọn lórí ìjókòó, ẹ béèrè sel roti, òrùka ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n dín sínú òróró. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kó má baà tán.