Bí Mo Ṣe Di Ààfáà Stores ní Adamásingbà

Ní ilé wa ní Ìnàlẹ́ńdé, Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, la fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní 1976, ọdún tí Shooting, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, na Tonnerre ti Kamẹrúùnù tó sì gba ife Áfíríkà, ọdún Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Láwàl. Bí àlejò bá bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀, bàbá mi á nà ró lórí àga, á ní, "Èyí? Ọmọ ife ni." Wọ́n bí èmi ní 1984, ọdún tí Zamalek ti Íjíbítì nà wá ní àṣekágbá. Bí wọ́n bá bèèrè tèmi, bàbá mi á ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

Ẹni tí wọ́n bí sírú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sílé lọ́jọ́ eré, pàápàá tí Pápá Ìṣeré Lékan Sàlámì, tí gbogbo wa ń pè ní Adamásingbà, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà. Ọmọdé tó bá di ọwọ́ àgbàlagbà mú, ọ̀fẹ́ ló ń wọlé. A ó tò sẹ́nu géètì, a ó máa wo ojú àwọn bàbá. Ẹni tó kanjú kì í gbà. Ẹni tó ti mutí máa ń gbà, àmọ́ ó lè gbàgbé ẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ onítíkẹ́ẹ̀tì, kó sì bi ẹ́ níwájú rẹ̀ pé ta ni ẹ́. Ẹni tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín, òun ló dáa jù. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí wọlé." Bẹ́ ẹ bá ti kọjá géètì, o yọwọ́, o sáré gba pópúlà sáìdì lọ, ó parí.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Stationery Stores ló wá láti Èkó. Stores kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré nígbà náà o, àwọn ló gba líìgì 1992. Iléékéwú ni ìyá mi rò pé mo lọ. Mo gbé wàláà sí abíyá, mo wọ jàlábíà funfun. Ẹ̀wù búlúù Shooting wà lábẹ́ rẹ̀.

Àlájì kan ń bọ̀. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Onígéètì ní, "Àlájì, ọmọ yín nì yí?" Ó ní, "Àbíkẹ́yìn mi ni." A wọlé. Mo fẹ́ yọwọ́. Ọwọ́ ò yọ.

"Níbo lò ń lọ? Kí n mú ọmọ ọlọ́mọ wọ àárín èrò, kí n wá sọ ọ́ nù?"

Ó ń fà mí lọ. A kọjá pópúlà sáìdì. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ àdúgbò ti wà lókè níbẹ̀, mo juwọ́ sí wọn. A ṣì ń lọ. Ìlù tí mò ń gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi ìlù náà sọ, àárín àwọn ará Stores ni mo bá ara mi.

Inú wọn dùn sí mi, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní mo jọ Àlájì, ẹ wo imú. Ẹnìkan bu gúgúrú fún mi. Ẹlòmíràn gba wàláà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, ó jókòó lé e kí ṣòkòtò léèsì rẹ̀ má baà dọ̀tí. Onílù wá rí jàlábíà mi, ó pariwo: "Ọmọ kéwú ni! Ààfáà wa ti dé! Ààfáà, ṣàdúà fún wa!"

Kí ni kí n ṣe? Mo tẹ́wọ́, mo ka Fàtíà, torí òun nìkan ni mo há dáadáa. Nígbà tó kan ibi tó yẹ kí n ti dárúkọ ẹgbẹ́, mo ní, "Kí Ọlọ́run fún ẹni tó tọ́ sí." Àmín tí wọ́n ṣe, wọ́n á gbọ́ ọ ní Mọ́kọ́lá.

Kò pẹ́ kò jìnnà, Stores gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ẹ gbà mí o! Èjìká ni wọ́n gbé mi sí. Náírà márùn-ún, náírà mẹ́wàá, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí. Lókè tí mo wà, mo rí pópúlà sáìdì kedere, pópúlà sáìdì náà sì rí mi. Ọmọ ife dìde dúró, ó ká ọwọ́ lérí. Ẹkún ń gbọ̀n mí, àmọ́ ọwọ́ mi ń kó owó.

Lẹ́yìn ìsinmi, Shooting dá a padà. Ẹsẹ̀ mi ò bi mí kó tó fò. "Up Sooting!" Jàlábíà gbéra dé àyà, búlúù yọ síta.

Ìlù dákẹ́. Ẹni tó lẹ náírà mẹ́wàá wò mí títí, ó wá kọjú sí Àlájì: "Irú ọmọ wo lẹ bí yìí?"

Àlájì ò tiẹ̀ mójú kúrò lórí pápá. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ló jọ. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá ẹ̀."

Wọ́n gba owó wọn pátá. Onílù ní gúgúrú ńkọ́, wọ́n ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tún ní kí n tú àdúà tí mo ṣe ká. Mo ní wọn ò tíì kọ́ wa débẹ̀.

Nígbà tí eré parí, òkò ti ń fò níta. Àwọn ọmọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wá ará Stores. Wọ́n dá Àlájì dúró. Ọwọ́ rẹ̀ tó mú mi wá le sí i. Mo bá ká jàlábíà sókè, mo ní, "Bàbá mi ni."

Wọ́n wo búlúù, wọ́n wo Àlájì. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ké Up Sooting ká gbọ́, bàbá." Àlájì wo òkè, ó wo bàtà rẹ̀, ó wá ké e. Ohùn tó jáde kò lè lé adìyẹ, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ká kọjá.

Nígbà tó ń wọ mọ́tò Èkó, ó fi náírà márùn-ún lé mi lọ́wọ́. "Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ l'Ékòó, wá bá mi lẹ́nu géètì. Àmọ́ èmi ni màá yan ẹ̀wù tí wàá wọ̀."

Mo ti ń dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí ìyá mi ti ń bèèrè ohun tí Ààfáà kọ́ wa lónìí, kí n tó rántí pé wàláà mi ti bá ìdí onílèésì lọ sí Èkó.