Kí funfun lékèélékèé má baà jóná nínú fọ́tò

Àwọn ọmọdé máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ lékèélékèé. Funfun yẹn gan-an ló ń da fọ́tò rú. Tó bá ń tẹ̀lé màlúù kiri pápá níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, koríko ló gba ojú àwòrán. Kámẹ́rà á rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á wá gba ìmọ́lẹ̀ sí i. Koríko á dára, àmọ́ ẹyẹ á dà bíi bébà tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹ́ kankan kò ní hàn. Èyí tó bá ti jóná báyìí, kọ̀ǹpútà kò lè tún un ṣe. Ẹ gbé exposure compensation (ibi tí ẹ ti ń sọ fún kámẹ́rà pé kó dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí kó fi kún un) sí -2/3 tàbí -1, ẹ ya ẹyọ kan, kí ẹ wo histogram, àwòrán kékeré tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn, tí òkùnkùn wà lósì, tí funfun sì wà lọ́tùn-ún. Tó bá ṣì rọ́ gìrọ́gìrọ́ sí apá ọ̀tún, ẹ tún dín in kù. Òdìkejì ni ti àwòdì tó ń rà bàbà lójú ọ̀run: +1 ni kí ẹ fún un.

Aago 7 sí 9 àárọ̀ ló dára jù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má yàwòrán láti ọ̀nà jíjìn, eruku tó wà láàárín yín kò mọ lẹ́ńsì olówó ńlá.

Ẹ̀gà ló dùn ún yà jù, torí kì í kúrò nídìí ọ̀pẹ rẹ̀. Lẹ́ńsì 300mm tó o. Tó bá jókòó, shutter speed (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé) 1/500 ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Tó bá ń hunlé, 1/2000. Ẹ lo ojú focus (àmì tó ń sọ ibi tí àwòrán ti máa mọ́ kedere) ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbé e lé ẹyinjú, torí imọ̀ ọ̀pẹ tó wà níwájú á gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má gé imọ̀ yẹn o! Òun ló ń bo ìtẹ́ lójú àṣá. Ẹ yí ẹsẹ̀ padà ni.

Ìsàlẹ̀ ni ẹnu ìtẹ́ wà. Akọ á fi ẹsẹ̀ so rọ̀ níbẹ̀, á dorí kodò, á máa gbọn ìyẹ́ pìpì láti fi pe abo. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Bí ewé ìtẹ́ bá gbẹ láìsí abo tó gbà á, akọ yẹn náà ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn lójú ibẹ̀. Ẹ má tíì palẹ̀ kámẹ́rà mọ́.