Ọ̀sán gangan kọ́ ni wọ́n ń ya Olúmọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé app wo ni mo fi ń ṣe ẹ́díìtì fọ́tò mi, app kọ́ o. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí kí n tó mọ̀.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ra kámẹ́rà, tòkunbọ̀ ni, ọkùnrin kan tó ń ṣe kàlẹ́ńdà ní kí n bá òun ya Abẹ́òkúta látorí Àpáta Olúmọ, àwọn páànù tó ti dípẹtà yẹn gan-an ló fẹ́. Aago 1 ọ̀sán ni mo gòkè. Lójú tèmi oòrùn ń ràn, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì, kí ni mo tún ń wá? Mo ya bíi 200, inú mi ń dùn, àfìgbà tí mo délé tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí mo rí i pé ojú ọ̀run funfun báláú, páànù tuntun ń kọ mànà, abẹ́ igi dúdú kirikiri, àwọn òrùlé tó ti dípẹtà náà wá tẹ́ pẹrẹsẹ bíi páálí. Àṣé tóòrùn bá ti wà lókè orí tààrà, òjìji á sá wọ abẹ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ òjìji yẹn lojú fi ń mọ ibi tó ga yàtọ̀ sí ibi tó kòtò.

Mo ní kò burú, ẹ́díìtì ṣáà wà. Hà! Mo jókòó tì í di aago 3 òru. Mo fa Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú fọ́tò) wálẹ̀, ojú ọ̀run di àwọ̀ eérú, mi ò rí ìkùukùu kankan fà jáde, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jó pátá, kámẹ́rà ò tọ́jú nǹkan kan síbẹ̀. Inú bí mi, mo ti Saturation (bí àwọ̀ ṣe ń kún tó) dé òpin. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi han ìyá mi, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló ki gbogbo Ẹ̀gbá bọ inú aró?" Mo rẹ́rìn-ín àmọ́ ó dùn mí. Oníkàlẹ́ńdà ò tiẹ̀ fèsì, owó yẹn lọ nìyẹn.

Mo padà lọ nínú oṣù October, lọ́jọ́ tójò rọ̀ lọ́sàn-án tó sì dá. Òjò ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ọ̀nà jíjìn mọ́ kedere. Mo gòkè láago 5, mo kẹ́yìn sóòrùn díẹ̀ kó lè máa tàn wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó fi máa di aago 6 kọjá, gbogbo ìlà ara páànù ti hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpẹtà náà wá rí bí epo pupa. Mẹ́wàá péré ni mo yà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn òyìnbó tó ń kọ́ wa lórí YouTube o. Lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn máa ń rọra yọ́ wọ̀, wọ́n ń ráyè mu tíì. Tiwa tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, bí òkúta tó já sí kànga ló ṣe ń wọ̀, kó o tó máa wá bátìrì inú báàgì, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ tètè dé, ẹ ti mú ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí, kẹ́ ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n ń ti géètì.

Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ fi ọmọ ìka tẹ ojú ọ̀run lórí screen, ẹ fa àmì oòrùn kékeré yẹn wálẹ̀ títí ìkùukùu á fi hàn. Ilẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ má bẹ̀rù, òkùnkùn ṣeé gbé sókè lẹ́yìn náà, pàápàá tẹ́ ẹ bá fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe. White balance náà, èyí tó ń pinnu bóyá àwọ̀ á pọ́n tàbí á tutù, ẹ gbé e kúrò ní auto, auto yẹn ló máa ń pa pípọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Ìgbà ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ má bá eruku Sàhárà jà. Dehaze (èyí tó ń dín kùrukùru fọ́tò kù) díẹ̀ ti tó, tó bá pọ̀ jù fọ́tò á dọ̀tí. Oòrùn fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà, á rí roboto bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, àwọn òrùlé á máa ṣá lọ lẹ́yìn ara wọn.

Ẹ́díìtì mi ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ báyìí, app Lightroom orí fóònù tàbí Snapseed ni mo ń lò, èyí tó bá wù mí. Mo máa kọ́kọ́ tún ilẹ̀ tó dagun ṣe, màá gbé Shadows (ibi tó ṣókùnkùn) sókè díẹ̀, mo ti jáwọ́ nínú Saturation. Lẹ́yìn náà màá gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyá mi ló kọ́ mi, wọ́n ní tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aṣọ nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, aláró kì í fi ti ojú ẹsẹ̀ sọ pé ó ti mu. Ojú tó ti rẹ̀ lóru náà ò mọ àwọ̀ tó pọ̀ jù.

Àti jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Mo ti ṣe wàhálà yìí tán rí, WhatsApp fún un pọ̀, oníbàárà ń bi mí ṣé fóònù kékeré ni mo fi yà á.